Dókítà Ẹran Ta Adúmáadán

Ẹni tó bá rí Dókítà Ẹran lọ́jọ́ tó ti ọwọ́ bọ inú abo màlúù dé èjìká, tí omi ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú bọ́ọ̀tù rẹ̀, tí òun sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń fọ abọ́, kò ní gbà láéláé pé ohun kan wà láyé tó lè kó obìnrin náà nírìíra. Egbò tó ti rà kò kó o nírìíra. Ìdin kò kó o nírìíra. Ó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ewúrẹ́, kí ó fọ ọwọ́, kí ó sì ti máa jẹun kí omi ọwọ́ náà tó gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìríra dé bá a lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ó rò pé ibà ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọkọ ló wọnú ara wọn.

Jíìpù dúdú kan ló ń wà nígbà náà, ọdún mẹ́rin ni jíìpù ọ̀hún sì fi ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ọwọ́ dókítà àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti rà á, nígbà tí ojú bàbá náà kò ríran dáadáa mọ́. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, tapólì ni òrùlé rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ọmọ màlúù kan pẹ̀lú àpótí oògùn mẹ́ta. Adúmáadán ni Dókítà sọ ọ́. Èèyàn ní láti gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó fà á. Tí a bá fi í sí jíà àkọ́kọ́, á kérora bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ọkọ̀ kankan: epo, irun àgùntàn, oògùn egbò, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ewúrẹ́ bá lè gbà, Adúmáadán á gbà á. Láti orí òkè ni àwọn tó ń sin ẹran ti máa ń gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á sì ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ kí Dókítà tó sọ̀ kalẹ̀.

Inú òjò ló ti pàdé Onírúlà. Ayàwòrán ilé ni ọkùnrin náà. Rúlà kékeré kan kì í kúrò nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé wàrà sí ní oko kan, òjò dé, ọkọ̀ rẹ̀ sì rì dé ìdajì táyà. Nígbà tí Dókítà débẹ̀, ó bá a tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́, ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀, ó ń wo ẹrẹ̀ bí ẹni pé ẹrẹ̀ náà ló jẹ ẹ́ ní àlàyé.

“Ẹ kú ìdúró o,” ni Dókítà wí látojú fèrèsé. “Ṣé ẹ̀ ń wọn jíjìn rẹ̀ ni?”

“Mo ti wọ̀n ọ́n,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Ó jìn ju ọgbọ́n orí mi lọ.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Dókítà. Wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, okùn já. Wọ́n tún un so, ó tún já. Níkẹyìn, ọkùnrin náà gòkè sínú Adúmáadán, àpótí abẹ́rẹ́ lórí itan rẹ̀, ewúrẹ́ kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lọ́rùn.

“Ṣé kò ní bù mí jẹ?”

“Iyọ̀ ara yín ló ń tọ́ wò. Ẹni tó bá dára nìkan ló máa ń lá.”

“Ṣé ẹni tó ni ín náà gbà pé mo dára?”

“Ẹni tó ni ín wà lóko. Èmi, mò ń wakọ̀ ni.”

“Ẹni tó ń wakọ̀ gan-an ni mò ń bi.”

Dókítà ṣi jíà fi. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń fẹ́ra wọn sọ́nà láìsí wàhálà. Onírúlà á wá sí ilé ìtọ́jú ẹran nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó gbé ajá àti adìyẹ wá, á máa ka ìwé ìròyìn títí iṣẹ́ á fi parí. Ó fi pẹ́ńsù ya àwòrán Adúmáadán, gbogbo bó ṣe kán àti bó ṣe wọ́, ó fi dígí sí i lójú, Dókítà sì gbé e kọ́ sí ara ògiri. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń bẹ̀rù. Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Èékánná rẹ̀ kì í mọ́ tán. Ọkùnrin mẹ́ta ti wá sẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́. Eléyìí wọ inú jíìpù, kò sì sá. Ó máa ń bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé èmi náà ni inú mi dùn tó báyìí?”

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti rí ìyá ọkùnrin náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, Ìyá Ọ̀gá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ojú rẹ̀ nìkan tó láti mú kíláàsì dákẹ́. Ó gba Dókítà lálejò dáadáa, ó sì dúró lójú fèrèsé fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo jíìpù tó wà níta.

“Ṣé inú èyí lo ń wà kiri, lójò lẹ́ẹ̀rùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Hùn.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n “hùn” yẹn jókòó sétí Dókítà bí ẹ̀fọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbúrò Ìyá Ọ̀gá wá sí ilé ìtọ́jú ẹran. Iṣẹ́ irun ṣíṣe ni obìnrin náà ń ṣe, Àǹtí Onírun ni wọ́n ń pè é, òun sì ni alárinà láàárín àwọn méjèèjì látìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ìdí kan jókòó sétí bẹ́ǹṣì, áńkáṣífù nímú.

“Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi sí ọ.”

“Ṣé kò sí o, Àǹtí?”

“Ó wà díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi kórìíra rẹ o. Ọmọ gidi ni ọ́. Jíìpù yẹn ni. Ó ní ìyàwó tó ń gbé òórùn màlúù kiri ìgboro kò bá ilé òun mu. Ó ní bí ọkọ̀ yẹn bá ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.”

“Ṣé Màmá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Àǹtí ká áńkáṣífù rẹ̀, ó tún un tú. “Ṣé màá gba ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ni? Ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Ọkọ̀ ṣeé tà, ọkọ kò ṣeé tà. Ta èyí tó ṣeé tà, kí o lè ní èyí tí kò ṣeé tà.”

Dókítà ròyìn fún Onírúlà. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá mi nìyẹn. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí o tà á o. Ìwọ lo máa pinnu.”

Bó ṣe ń sọ pé òun kò lè ní kí ó tà á yìí, ìwé kan wà nínú àpò rẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ tuntun kan sí. Ó ti fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó dára: ilẹ̀kùn mẹ́rin, búùtù tó fẹ̀, epo tí kò pọ̀, ìjókòó tí wọ́n lè de ọmọ ọwọ́ mọ́. Dókítà ka ìwé náà. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó gbọ́n ni.

Ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń rò ó lórí ìjókòó Adúmáadán, ojú sì ń tì í, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn tí onítọ̀hún wà nítòsí. “Irin ni,” ló ń sọ fún ara rẹ̀. “Irin ni, èèyàn ni ọkùnrin yìí. Ta ló ń fi èèyàn sílẹ̀ nítorí irin?” Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní kò burú.

Ọkùnrin tó rà á wá pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó yí jíìpù náà po lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka gbá a.

“Ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni?” ni Dókítà bi í.

“Kò pọn dandan.”

Ìbá ti fura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti gba ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé Adúmáadán lọ. Onírúlà gbá a mọ́ra lójú títì, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Ìyá ni,” ló ń sọ. “Má sunkún mọ́. Ìyá ni, kò sí ohun tí àwa lè ṣe.”

Ọkọ̀ tuntun náà jẹ́ aláwọ̀ eérú. Kò ní àbùkù, èyí gan-an ló ń bí Dókítà nínú. Tí ó bá ṣílẹ̀kùn, á ké. Tí ó bá gbàgbé bẹ́líìtì, á ké. Tí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, á ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ń yọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lára nígbà oòrùn. Onírúlà ra ọ̀rá ńlá bò ó lórí, ó sì gbé páálí kékeré kan tí wọ́n rẹ sínú lọ́fíndà kọ́ sára dígí. Òórùn páálí náà dùn jù, ó dùn bí èso tó ti ń jẹrà. Nígbà tí Dókítà bá wọlé láàárọ̀, inú rẹ̀ á ru. Á ṣí fèrèsé, á mí síta, á tún tì í. Òun tó ń fi ọwọ́ lásán tú ìfun àgùntàn!

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bàtà. Onírúlà rọ̀ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé kí ó máa bọ́ bọ́ọ̀tù rẹ̀ kó tó wọlé. Ó sì ń bọ́ ọ. Ẹ wo obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ láti ìdájí, tó ń fò lẹ́sẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wá bàtà mímọ́ nínú àpò ọ̀rá, kí ó má baà dọ̀tí ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi owó rẹ̀ rà.

“Á mọ́ ọ lára,” ni Onírúlà sọ.

Kò mọ́ ọn lára.

Oṣù kẹrin tó ra ọkọ̀ náà ni Ìyá Oníwàrà pè é lórí fóònù. Opó ni ìyá náà, màlúù mẹ́fà ló ní lẹ́yìn òkè kejì, láti ọdún pípẹ́ ni Dókítà sì ti ń bá a tọ́jú wọn. Ọ̀sán gangan ni, òjò ń rọ̀.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń yọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, orí ò sì bọ̀.”

“Ẹ má fà á o, Màmá. Mo ti ń bọ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú.”

Adúmáadán ìbá dé láàárín ogún ìṣẹ́jú lóòótọ́. Ní ìsàlẹ̀ òkè àkọ́kọ́, ọkọ̀ eérú náà fi ikùn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Táyà rẹ̀ ń yí lásán. Gbogbo iná iwájú rẹ̀ tàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké: ké, ké, ké. Dókítà fi bàtà gbá a. Ó gbé àpò oògùn kọ́rùn, ó sáré. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí kan ó dín díẹ̀ ló fi sáré náà.

Ìyá Oníwàrà jókòó sórí koríko nínú ilé ẹran, orí màlúù náà lórí itan rẹ̀. Màlúù ti kú. Ọmọ inú rẹ̀ náà ti kú. Dókítà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ikùn ẹran náà, ó ṣì gbóná.

Ìyá náà kò bínú. Ìbá bínú, ìbá sàn. Ó kàn wòkè, ó ní, “Dókítà, à ń dẹ etí. A ò gbọ́ ìró yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Dókítà lára bí abẹ́rẹ́. Ó wẹ̀, ó fọ ẹnu, kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe òkú ẹran ló ń kó o nírìíra, ó ti rí òkú ẹran rí. Ara rẹ̀ ló kó o nírìíra: òun tó gbà pé kí òun máa bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wá ọkùnrin awò dúdú náà lọ, kí ó lè ra Adúmáadán padà ní iye yòówù tó bá dá lé e. Wọ́n júwe ilé ọtí kan fún un. Ó débẹ̀, ó rí Adúmáadán níta. Wọ́n ti gé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò, wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà fún àwọn oní-irin, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ síbi tó wà, wọ́n sì gbin òdòdó sí i. Wọ́n kun ún ní àwọ̀ osùn, iná aláràbarà ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Èèyàn méjì jókòó sẹ́yìn, níbi tí ọmọ màlúù ń dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ń mutí, wọ́n sì ń pa sìgá sára irin rẹ̀. Ẹnì kan ti bì sórí ìjókòó awakọ̀, wọ́n sì fi páálí bò ó.

Ọkùnrin náà jáde, ẹ̀rín lẹ́nu. “Ẹ rí i? Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Gbogbo wọn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀.”

Dókítà gba ẹ̀yìn ògiri lọ, ó sì bì. Ó bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀, kò lọ sílé. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀gá. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu: òun kò ní bá àgbàlagbà jà, ṣùgbọ́n òun á sọ fún un pé màlúù kan kú nítorí àṣẹ rẹ̀, àti pé òun kò lè fẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ọ̀gá ń tọ́jú ìwé àwọn ọmọ àdúgbò tó ń kọ́ lẹ́ẹ̀kọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀ láìdá a lẹ́nu. Nígbà tó parí, ìyá náà bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Ta ló ní kí o tà á?”

“Ẹ̀yin ni, Mà.”

“Èmi?”

“Àǹtí ló jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi.”

Ìyá Ọ̀gá dìde. Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo ọkọ̀ eérú tó wà níta, bó ṣe wo jíìpù lọ́jọ́sí.

“Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ọkọ mi ní obìnrin kì í wakọ̀. Lọ́jọ́ tí o gbé jíìpù rẹ wá, mo dúró níbí, mò ń jowú rẹ. Mo sọ fún ọmọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé, ‘Obìnrin tí ẹran gbogbo ìlú ń pè yìí, ìwọ lo máa máa se oúnjẹ o, kí o tètè lọ kọ́ ọ.’ Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé o ti tà á. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni.”

Ìyá Ọ̀gá gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. “Ẹ máa bọ̀,” ló sọ fún àwọn méjèèjì, kò fi nǹkan kan kún un.

Àǹtí Onírun ló kọ́kọ́ dé. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Ọmọ yín ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀! Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá wá láti ẹnu ìyá, kò ní sí ìjà láàárín wọn. Ó ní ìfẹ́ ni. Èmi rò pé mò ń tún nǹkan ṣe ni.”

“O fi ẹnu mi tún un ṣe,” ni Ìyá Ọ̀gá wí. “Jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Onírúlà wọlé. Ó wo àǹtí rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Dókítà, ó sì mọ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde tán.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nítorí àwa méjèèjì ni. Ọkọ̀ yẹn ti gbó, ó léwu, àwọn ọmọ tí a máa bí...”

“Ojú ta ló ń tì ọ́?” ni Dókítà bi í.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú...”

“Ojú ta, mo ní?”

Ọkùnrin náà jókòó. Ó yọ rúlà lápò, ó ń yí i lọ́wọ́, kò wojú ẹnikẹ́ni. “Ọjọ́ kan tí o wá gbé mi níbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá wa wà lójú fèrèsé. Ẹnì kan ní, ‘Ẹ wò ó, wọ́n ti wá gbé ẹran wa lọ sọ́jà.’ Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?”

“Mi ò sọ nǹkan kan.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sì sọ pé o kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹnì kan ni, pé ọkọ̀ tìrẹ wà nílé.”

Dókítà ń wo ẹnu ọkùnrin náà, ẹnu tó ti fẹnu kò ní àìmọye ìgbà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo omi tó dákẹ́ pẹ́. Ó rántí ọwọ́ tó ń pa á lẹ́yìn lójú títì. Ìyá ni. Kò sí ohun tí àwa lè ṣe. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó wá yé e pé ibà kọ́ ló ń ṣe é láti oṣù mẹ́rin yìí.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Ọ̀gá. “Ẹ dárí jì mí, Mà. Mo ti gba ohun tí ẹ ò sọ gbọ́ nípa yín.”

Ìyá Ọ̀gá fà á dìde. Ó sọ ọ́ níṣojú ọmọ rẹ̀, láìgbé ohùn sókè: “Ọmọ mi ni, mo bí i, mo fẹ́ràn rẹ̀. Má fẹ́ ẹ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Onírúlà tó wá. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá bá Dókítà lóko Ìyá Oníwàrà, ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni ṣíwájú. Ó ti sọ òtítọ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti lọ bẹ Ìyá Oníwàrà náà, ìyá yẹn sì ti dárí ji òun. Dókítà mọ̀ pé òótọ́ ni, Ìyá Oníwàrà ti sọ fún un. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran.

“Ṣé o kórìíra mi ni?”

“Rárá. Ìbá jẹ́ ìkórìíra, à bá jà, kó sì tán. Tí o bá ti sọ fún mi pé ọkọ̀ mi ń tì ọ́ lójú, mo lè sunkún, mo lè bú ọ, bóyá mo sì tún lè tà á. Ẹnu rẹ ni ọ̀rọ̀ náà ìbá ti wá, màá sì mọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ tà á. Ṣùgbọ́n o di mí mú. Mò ń sunkún, o sì ń tù mí nínú lórí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, o ń fi ìyá rẹ bojú.” Ó mí kanlẹ̀. “Tí o bá fọwọ́ kàn mí báyìí, èébì ló máa gbé mi. Mo ti gbìyànjú kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ lánàá, mo fẹ́ràn rẹ láàárọ̀ yìí nígbà tí mo rí ọ lókèèrè. O wá sún mọ́ mi, inú mi ru.”

Omi bọ́ lójú Onírúlà. “Ṣé ìríra yẹn kò lè lọ?”

“Mi ò mọ̀. Má dúró dè é.”

Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ náà padà. Dókítà dúró títí kò fi rí i mọ́, ó sì sunkún débi pé Ìyá Oníwàrà ní láti jáde wá fà á wọlé.

Ó gbé ọkọ̀ eérú padà fún àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ yí i po, ó ní, “Ọkọ̀ yìí mọ́, Mà. Kí ló ṣe é?”

“Kò sí ohun tó ṣe é,” ni Dókítà fèsì. Ìyá Ọ̀gá bá a lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá náà ló da ìbéèrè bo àwọn tó ń ta ọkọ̀ títí wọ́n fi ń dá a lóhùn bí ọmọ kíláàsì kejì. Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan, tí wọ́n ti lò díẹ̀, ni wọ́n gbé kúrò níbẹ̀. Dókítà kò sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń gun òkè, ó ń ru ẹran, ó tó.

Nígbà tó di ọdún kejì, Ìyá Ọ̀gá wá bá a nílé ìtọ́jú ẹran pẹ̀lú ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ́wọ́. Onírúlà ń gbéyàwó, olùkọ́ kan ni ọmọbìnrin náà. Dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

“Ṣé ọmọbìnrin náà mọ̀, Mà?”

“Ó mọ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé wọn láti lọ tọrọ rẹ̀. Ó sọ ọ́, látorí jíìpù dé orí màlúù. Oṣù méjì ni ọmọbìnrin náà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun gbà.”

Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nǹkan kan ṣì ru nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí yóò lé èèyàn jáde.

“Ó ṣe dáadáa nígbà náà.”

“Ṣé wàá wá?”

“Rárá, Mà. Ẹ bá mi kí wọn.”

Ìyá Ọ̀gá kò rọ̀ ọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ajá méjì, pẹ́pẹ́yẹ kan, àgùntàn kan tó ń wúkọ́.

“Ta ló kàn?” ló bèèrè, pẹ̀lú ohùn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó ni àgùntàn sì dìde.